Ilé Baba Tí Ọmọ Lè Yà Sí

   

Tí taámù kẹta bá ti ń parí, mo ti mọ irú ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn mi. Ìyá á ṣáájú, ọmọ á tẹ̀lé e, á dorí kodò. Ọ̀kan wá lọ́sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́, kí ẹlòmíì lè fi kọ́gbọ́n. Ọmọ ọdún 17 ni ọmọkùnrin rẹ̀. Máàkì tó gbà ní JAMB ò tó èyí tí iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ ń bèèrè. Ìyá ní, "Baba, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló di ọmọ mi lọ́wọ́ mú? Pẹ̀lú gbogbo owó tí mo kó fún tíṣà tó ń kọ́ ọ nílé!"

Mo ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, Ogbè Ògúndá ló yọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ìtàn inú rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tún un sọ nítorí àlejò.

Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló ń ti òde ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Ilé Àjàlá tó ń mọ orí ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má yà síbì kankan. Àwọn méjì kò yà lóòótọ́. Wọn ò bá Àjàlá nílé, wọ́n bá fúnra wọn mú èyí tó wù wọ́n lójú. Òjò pa orí náà lọ́nà, ó sì ń ṣí dànù. Nígbà tí wọ́n dé ayé, wọ́n ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́, orí ni gbogbo èrè wọn ń lọ tún ṣe.

Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ gbọ́ ìró Ifá nílé baba rẹ̀, ó ní òun ò ní kọjá láìrí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dífá fún un, tí wọ́n ní kó fi owó àti iyọ̀ kún ẹbọ. Iyọ̀ yẹn ló fún oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀, lonítọ̀hún bá fi àṣírí hàn án: Àjàlá wà lókè àjà, ó ń sá fún àwọn tó jẹ lówó. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà, Àjàlá sì bá a yan orí tó jinná dáadáa.

Ṣé ẹ rí i, ẹbọ nìkan lọ̀pọ̀ wa máa ń fi ìtàn yìí wàásù lé lórí. Ẹbọ ṣe kókó o. Ṣùgbọ́n níbo ni Afùwàpẹ́ ti gbọ́ nípa ẹbọ? Ṣebí ilé baba rẹ̀ ni. Ká ní ó mọ̀ pé pankẹ́rẹ́ ni baba yóò fi pàdé òun ńkọ́? Ṣé á yà?

Ẹ tún wo Àjàlá. Ọ̀gá ni nídìí iṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ orí tí kò jinná wà nínú èyí tó mọ. Gbogbo ohun tó bá fọ́ lọ́wọ́ ọmọ kọ́ ni ọmọ ló bà á jẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, JAMB fúnra wọn jáde wá sọ pé àṣìṣe wọ iṣẹ́ àwọn. Ọmọ 379,997 ló kàn, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Ọ̀gá wọn sunkún ní gbangba, wọ́n ní káwọn ọmọ wá tún ìdánwò ṣe. Kí ìyẹn tó dé, ọmọ mélòó ni wọ́n ti pè ní olódo nínú ilé baba rẹ̀?

Ìtàn ni mo kọ́ ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: ọdún 1952 ni wọ́n dá WAEC sílẹ̀, JAMB sì jẹ́ 1978. Ọmọ àná ni wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Ọmọ awo tó bá ṣi Ifá kì lónìí, wọn á ní kó tún un kì lọ́la. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe JAMB kí n tó wọlé. Lọ́dún àkọ́kọ́, baba mi ò bi mí ní máàkì. Ó ní, "Gbé àdá, jẹ́ ká lọ já ewé." Mi ò gbàgbé ìrìn ọjọ́ yẹn títí dòní.

Mo ní kí ìyá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo bi ọmọ pé, "Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?" Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Baba, ó kàn ń wù mí kí n sùn, kí n má jí mọ́." Ara mi bù máṣọ. Ọjọ́ kẹrin rèé tí baba rẹ̀ ti ní kó má bá òun jẹun pọ̀ mọ́.

Mi ò dárúkọ ewúrẹ́, mi ò dárúkọ ayé. Mo pe baba náà, ó wá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. A fi obì àti omi tútù bọ orí ọmọ. Mo ní ẹbọ tó kù, baba ló máa rú u: kó máa bá ọmọ rẹ̀ jẹun nínú abọ́ kan náà. Mo ní kí wọ́n má dá a fi sílẹ̀, kí wọ́n kó gbogbo oògùn apakòkòrò kúrò nínú ilé, kí ilẹ̀ sì mọ́ bá wọn lọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ àti ọkàn. Ifá kì í bá dókítà jà. Wọ́n lọ. Ìtọ́jú ṣì ń lọ lọ́wọ́, àmọ́ ó ti ń jẹun, ó sì ti ń dá baba rẹ̀ lóhùn.

Ẹ̀yin òbí, tí èsì bá dé, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ọmọ kẹ́ ẹ tó wo ìwé. Tí kò bá sùn mọ́, tí kò jẹun, tó ń pín ẹrù rẹ̀ fún ẹlòmíì, tó ń sọ pé òun ò wúlò, ẹ má pè é ní àṣejù. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ẹ̀yin ọmọ, tí ilé tiyín ò bá ṣeé yà sí, ẹ ya ilé àǹtí, ẹ ya ọ̀dọ̀ tíṣà, ẹ ya ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó yà kò pẹ́ jù.

Kí Ifá má jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ wa. Kí orí wọn jinná, kó má ṣí lójò. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ o.