OLÈ TÍ Ó WỌ AṢỌ ỌLỌ́DẸ



Nínú Ìhìnrere tí a kà ní Mísà Mímọ́ ọjọ́ Ìsinmi kẹrin àsìkò Àjíǹde yìí, Olúwa wa fi olùṣọ́-àgùntàn tòótọ́ hàn wá, ẹni tí ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé ní gbangba, tí àwọn àgùntàn sì mọ ohùn rẹ̀. Ó sì fi olè hàn wá pẹ̀lú, tí ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Bí ẹ bá ka orí kẹwàá Ìhìnrere Jòhánù Mímọ́ dáadáa, ẹ ó rí i pé Olúwa kò sọ níbẹ̀ pé olè náà yóò jẹ́wọ́ ara rẹ̀. Olè tí ó gbọ́n jù lọ ni èyí tí ó wọ aṣọ ọlọ́dẹ, tí ó gbé àtùpà lọ́wọ́, tí ó sì ń kan ilẹ̀kùn wa lóru pé: “Ẹ dìde, olè ti wọ ilé yín! Ẹ ṣílẹ̀kùn, kí n bá yín lé e jáde.”

Irú olè bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ayé kọ̀ǹpútà láti ọdún pípẹ́ wá. Mo fẹ́ kí a fi í ṣe àṣàrò ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí pé ó ti ṣe àwọn ènìyàn ní ibi nínú ìjọ wa, èmi tí mo ń kọ̀wé yìí sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà mọ̀ pé àwọn ètò búburú kan wà tí à ń pè ní fáírọ́ọ̀sì, tí ń ba iṣẹ́ inú ẹ̀rọ náà jẹ́. Ó sì mọ̀ pé ètò ààbò wà, tí à ń pè ní antivirus, tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà bí ọlọ́dẹ ti ń ṣọ́ àdúgbò. Aṣọ ọlọ́dẹ yìí ni olè jí wọ̀. Bí ènìyàn bá ń ka nǹkan jẹ́jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lójijì ni ojú ewé pupa kan yóò yọ, tí ariwo yóò sì máa dún, pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kún fún fáírọ́ọ̀sì. Yóò ṣe bí ẹni pé ó ń yẹ inú ẹ̀rọ náà wò, yóò sì máa ka àrùn tí ó rí níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò wo inú ohunkóhun. Àwòrán lásán ni, tí a ti yà sílẹ̀ kí ẹni náà tó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìbẹ̀rù bá mú un, tí ó sì tẹ ibi tí a ní kí ó tẹ̀, ìgbà náà gan-an ni àrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ètò èké náà yóò ti ọlọ́dẹ tòótọ́ sí apá kan, yóò dí onílé lọ́wọ́ iṣẹ́, yóò sì máa béèrè owó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tí ó dé iwájú ilé ẹjọ́. Ní ọdún 2010, àwọn kan tí ń ṣiṣẹ́ láti ilẹ̀ Latvia dá ilé-iṣẹ́ ìpolówó èké sílẹ̀. Wọ́n tọ ìwé ìròyìn Star Tribune lọ, ní ìlú Minneapolis ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ní àwọn ń ṣojú fún àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan tí ó fẹ́ polówó lórí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ìwé ìròyìn náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yẹ ìpolówó náà wò, wọn kò rí àbùkù nínú rẹ̀, wọ́n sì gbà á. Lẹ́yìn tí a gbà á tán ni àwọn oníjìbìtì náà yí inú rẹ̀ padà. Àwọn ènìyàn tí wọ́n kàn fẹ́ ka ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé kọ̀ǹpútà wọn ń falẹ̀, ìkìlọ̀ ń yọ lórí ìkìlọ̀, a sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n san dọ́là 49.95 láti ra ètò ààbò. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti sanwó kò lè ṣí ìwé tirẹ̀ tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà mọ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, FBI ti Amẹ́ríkà àti àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè mìíràn kéde pé àwọn ti tú ẹgbẹ́ yìí àti òmíràn irú rẹ̀ ká. Ẹgbẹ́ kejì yìí nìkan, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó tan ènìyàn bí 960,000, tí àdánù wọn sì tó mílíọ̀nù 72 dọ́là. Ẹ má ṣe rò pé òmùgọ̀ ni gbogbo wọn. Ẹni tí kò bìkítà fún ilé rẹ̀ kò ní ṣílẹ̀kùn fún ọlọ́dẹ èké. Ẹni tí ó fẹ́ dáàbò bo ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ ni olè yìí ń wá kiri. Ìwà rere wọn ni ó fi mú wọn.

Ẹ̀yin ará, ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Nínú ọgbà Édẹ́nì, Éfà kò ṣàìsàn, kò sì ṣe aláìní ohunkóhun. Ejò ni ó wá sọ fún un pé nǹkan kan ń bẹ tí Ọlọ́run fi dù ú. Ó kọ́kọ́ fi àìní èké hàn án kí ó tó ta oògùn èké fún un, inú oògùn náà gan-an ni ikú sì wà. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ pẹ̀lú kìlọ̀ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé Sátánì mọ bí a ti ń gbé àwọ̀ áńgẹ́lì ìmọ́lẹ̀ wọ̀. Mélòó nínú wa ni ó ti tọ aríran kan lọ ní àlàáfíà, tí a sì wí fún pé ọ̀tá ń bẹ ní ilé bàbá rẹ̀, kí ó mú owó wá fún iṣẹ́ ìtúsílẹ̀? Ìyá tí o kúnlẹ̀ kí tàbí tí o dọ̀bálẹ̀ fún lánàá, lónìí o ń sá fún un. Kò sí àrùn nínú ilé yín kí o tó lọ. Ibi tí o ti lọ wá ìwòsàn ni o ti gbé e bọ̀.

Báwo ni a ó ṣe dá ohùn olè mọ̀ yàtọ̀ sí ohùn Olùṣọ́-àgùntàn? Ìgnásíù Mímọ́ ti Loyola, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, tí ó ti jẹ́ jagunjagun kí ó tó fi ara rẹ̀ fún Ọlọ́run, kọ ìmọ̀ràn lórí èyí sínú ìwé rẹ̀ lórí Ìdánrawò Ẹ̀mí, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1548. Méjì nínú ìmọ̀ràn náà ni mo fẹ́ kí ẹ di mú. Èkínní ni pé ní àkókò tí ọkàn bá wà nínú òkùnkùn àti ìdààmú, kí a má ṣe yí ìpinnu tí a ti ṣe ní ìgbà ìfọ̀kànbalẹ̀ padà. Èkejì ni pé ọ̀tá ọkàn wa dà bí ọkùnrin ẹlẹ́tàn tí ń tan ọmọ ọlọ́mọ: ohun tí ó ń bẹ̀rù jù ni kí ọmọ náà sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra fún ohùn tí ó bá dẹ́rù bà yín, tí ó ní kí ẹ ṣe kíá, tí kò sì fẹ́ kí ẹ bi ẹnikẹ́ni léèrè. Àwọn àgbà ní ẹni tí a bá ń bá nájà ni à ń wò, a kì í wo ariwo ọjà.

Mo mọ gbogbo èyí, mo sì ti fi í kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Síbẹ̀, ní òru ọjọ́ kan nínú Lẹ́ńtì tí ó kọjá, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ìjọ, ìkìlọ̀ pupa náà sì yọ. Ìṣirò owó ìkọ́lé wa wà nínú ẹ̀rọ náà, àti orúkọ àwọn ọmọ tí ń múra sílẹ̀ láti gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́. Àyà mi já. Mo tẹ̀ ẹ́, mo sì fi káàdì báǹkì mi sanwó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀rọ náà kò ṣí ìwé kankan mọ́.

Owó náà kọ́ ni ó dùn mí jù. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Nígbà tí akọ̀wé ìjọ béèrè ìdí tí iṣẹ́ fi dúró, mo ní iná ni kò dára. Èmi tí ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ yín purọ́ nítorí ìtìjú. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n tún yọ owó mìíràn nínú àkáǹtì mi. Ní ọjọ́ kẹrin ni mo tó pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó gbọ́ mi dé òpin, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní: “Fàdá, ká ní ẹ ti pè mí ní alẹ́ ọjọ́ náà ni, owó kejì yẹn kì bá tí jáde.” Mo ti ronú lórí gbólóhùn yìí ju ọ̀pọ̀ ìwàásù tí mo ti gbọ́ lọ. Olè gba owó kìn-ín-ní nítorí ìbẹ̀rù mi. Ìtìjú mi ni ó fi gba èkejì.

Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe. Ó kọ́kọ́ yọ ẹ̀rọ náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí olè má baà rí ọ̀nà wọlé-jáde mọ́. Ó ní kí n pe báǹkì lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n pa káàdì náà, kí n sì fi ẹjọ́ owó tí ó lọ sùn wọ́n. Ó ní kí n lo ẹ̀rọ mìíràn tí ó mọ́ láti pààrọ̀ gbogbo páásíwọ́ọ̀dù mi. Ó fi ọlọ́dẹ tòótọ́ wá inú ẹ̀rọ náà kiri, èyí tí ó ti wà nínú Windows fúnra rẹ̀ láti ọdún 2012, tí a kò sì ń san kọ́bọ̀ fún. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ibi náà ti jinlẹ̀. Nítorí náà ó nu gbogbo rẹ̀ nù, ó sì tún Windows fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó da iṣẹ́ wa padà láti inú fláàṣì tí akọ̀wé ti tọ́jú sínú àpótí ní oṣù kìíní. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó ṣègbé. Àwọn ará ẹgbẹ́ Lẹ́jọ̀n Màríà kó àwọn rìsíìtì jọ, wọ́n sì tún un kọ.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo tọ akọ̀wé lọ, mo sì jẹ́wọ́ irọ́ tí mo pa fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ̀, nítorí pé iná wà ní ọjọ́ náà.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, bóyá kọ̀ǹpútà kọ́ ni tìrẹ. Bóyá ohùn kan ti dẹ́rù bà ọ́, o sì ti ṣílẹ̀kùn. Owó ti lọ, tàbí ìgbéyàwó rẹ ń mì, tàbí o ti wọ ibi tí kò yẹ kí ọmọ Ìjọ Mímọ́ wọ̀, o sì ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé iná ni kò dára. Ọ̀nà ìmúbọ̀sípò kò yàtọ̀. Yàgò fún ohun tí ó fà ọ́ ṣubú. Yẹ ẹ̀rí-ọkàn rẹ wò láìṣe àbòsí. Wá sọ ọ́ nínú Sákrámẹ́ntì Ìrònúpìwàdà. Má ṣe dúró di ọjọ́ kẹrin. Àlùfáà tí ó jókòó níbẹ̀ mọ bí ìtìjú ti rí. Lẹ́yìn náà, tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe díẹ̀díẹ̀, kí o sì jẹ́ kí àwọn ará ràn ọ́ lọ́wọ́.

Ohun kan kù. Nígbà tí gbogbo ìwé inú ẹ̀rọ náà ti, mo lọ ṣí àpótí tí a ń kó ìwé ìrìbọmi sí. Ìwé ńlá náà wà níbẹ̀, tí a fi ọwọ́ kọ, orúkọ yín sì wà nínú rẹ̀ pé pérépéré. Olè kò dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Ìjọ Mímọ́ kọ́ wa pé àmì tí Ìrìbọmi fi sí ọkàn wa kò lè parẹ́ láéláé. Ẹ̀ṣẹ̀ lè ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, ó lè ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún jẹ́, ṣùgbọ́n kò lè pa àmì náà rẹ́. Orí rẹ̀ ni Ọlọ́run ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bá tún wa kọ́.

Kí Olùṣọ́-àgùntàn Rere jẹ́ kí a mọ ohùn rẹ̀ láàárín ariwo ayé yìí. Kí Màríà Wúndíá, ìyá wa, sì máa bẹ̀bẹ̀ fún wa. Àmín.