Yí I Wò Kí O Tó Gbé E

Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí bàbá rẹ fi ń lọ oko ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé ní Òkè-Ọdẹ, àbí? O ti ń rò ó pé kí o tún un ṣe. Ẹnìkan ti sọ fún ọ pé àwọn tó ń wá kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kiri ń fowó gidi rà á. Kò burú. Ní Amẹ́ríkà, kẹ̀kẹ́ tí Joe Breeze fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní 1977 fún orí òkè olókùúta ti wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian lónìí. Àwọn tó ń tún irú rẹ̀ ṣe lè jiyàn láti òwúrọ̀ dalẹ́ lórí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, bóyá òun ló bá kẹ̀kẹ́ wá tàbí wọ́n fi rọ́pò ni. Ìwọ náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tìrẹ. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn ni sáńpépà àti ọ̀dà tuntun.

Dúró ná.

Wo ibi tí òpó ìjókòó ti wọ férémù. Nọ́ńbà wà níbẹ̀ tí wọ́n lù mọ́ irin lára. Wo ọrùn kẹ̀kẹ́ níwájú, bóyá páànù olórí ẹyẹ ṣì wà lójú ibi tó wà. Bó bá jẹ́ oní-gíà Sturmey-Archer, fi àkísà tó ní kẹrosíìnì nu họ́ọ̀bù ẹ̀yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wàá rí ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹni tó bá ha gbogbo ìyẹn dànù kí ọ̀dà lè dán, ó ti gé ahọ́n ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Ẹni tí kò sì wò ó rárá, tó ti ń bá ènìyàn jà pé tòun ni ojúlówó, òun gan-an ni mo fẹ́ kó gbọ́ ìtàn yìí. Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ni. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní 1910, ará Jámánì kan, Leo Frobenius, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí orí idẹ kan níbẹ̀, Orí Olókun. Ó ní òun fi pọ́n-ùn 6 àti ìgò wisikí kan rà á. Aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò gbà, ó ní kó dá a padà, ó sì dá a padà. Ní 1949, àwọn Gẹ̀ẹ́sì méjì, Leon Underwood àti William Fagg, yẹ orí náà wò, wọ́n sì kọ ọ́ jáde pé ẹ̀dà ni. Wọ́n ní inú iyanrìn ni wọ́n ti rọ ọ́, kì í ṣe pẹ̀lú ìda bí àwọn asúdẹ Ifẹ̀ àtijọ́ ṣe ń ṣe é. Bí èyí bá wá jẹ́ ẹ̀dà, ojúlówó dà? Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá gbà pé òyìnbó ti gbé e lọ. Ìbínú yẹn wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, lẹ́yìn àjọ̀dún FESTAC, ọ̀rọ̀ kan ta sí Wọlé Ṣóyínká létí ní Yunifásítì Ifẹ̀: Orí Olókun gan-an wà ní Bàhíà, ní Brazil, nílé ẹnìkan. Ọbásanjọ́ ló wà lórí àlééfà nígbà náà, ìjọba sì mọ̀ sí ìrìn àjò náà. Ṣóyínká àti akẹgbẹ́ rẹ̀, Ọlábíyì Yáì, wọkọ̀ òfuurufú, ó di Bàhíà. Wọ́n wọ ilé náà bí àlejò. Orí náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ojú wọn rí i. Wọ́n gbé e.

Jọ̀wọ́, má tíì kọjá ibẹ̀ yẹn. Bó ti wù kí ìdí rẹ̀ dára tó, ohun tó wà nílé onílé ni, àlejò kì í gbé e sínú àpò. N kò ní fi ọ̀rọ̀ rọra bo èyí nítorí orúkọ ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ìpinnu mìíràn wà lẹ́yìn ìyẹn, òun ló sì ba iṣẹ́ náà jẹ́: wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbé e. Wọn kò wọ̀n ọ́n, wọn kò mú onímọ̀ dání, wọn kò wá àmì kankan lára rẹ̀. Ṣóyínká kì í ṣe òpè. Òun náà ló gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Ìfẹ́ ilẹ̀ baba rẹ̀ ló kún inú rẹ̀ débi pé ohun tó ń wá náà ló ń rí. Ìwọ ńkọ́, nígbà tí o bá rí kẹ̀kẹ́ tó jọ ti bàbá rẹ lọ́jà tókunbọ̀, tí ọkàn rẹ sì ti sọ pé òun ni?

Ìwọ tó jẹ́ ọmọ Ìgbómìnà mọ ìlú Èsìẹ́. Ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà níbẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ fún wọn ní 1945 sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Títí di òní, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn báyìí ló gbẹ́ wọn. Ojú ọ̀bẹ tó wà lára òkúta, ìlà ojú wọn, bí wọ́n ṣe di irun wọn, ìyẹn ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Bí ẹnìkan bá fi sìmẹ́ǹtì di ọrùn tó kán, tó sì fi ọ̀dà kùn ún kó lè lẹ́wà, kí ni ọmọ rẹ fẹ́ rí kà níbẹ̀?

Ká padà sí orí tí Ṣóyínká gbé ní Bàhíà. Ìlú Dakar ni ojú ti là. Nígbà tí wọ́n yẹ orí náà wò dáadáa, lẹ́tà méjì ló wà lára rẹ̀: BM. British Museum. Ẹ̀dà ni, irú èyí tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe tà fún ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́ sílé. Lẹ́tà méjì péré, tó ti wà níbẹ̀ láti Bàhíà.

Ronú sí gbogbo ohun tó ti lọ: owó ọkọ̀, orúkọ ìjọba, ẹ̀rù tó bá wọn ní pápákọ̀ òfuurufú. Ọ̀rọ̀ náà tún kó Pierre Verger sí wàhálà, ará Faransé tí a ń pè ní Fátúmbí, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀ lásìkò náà. Ṣóyínká kò fi nǹkan wọ̀nyí pamọ́. Ó kọ wọ́n sínú ìwé tó ṣe nípa ìgbésí ayé rẹ̀ ní 2006, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ You Must Set Forth at Dawn, ó sì fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ìyẹn wù mí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá ti sin ẹ̀dà náà sínú ilẹ̀, kí a sì máa búra pé ojúlówó ni.

Orí tí wọ́n pè ní ẹ̀dà ní 1949 wà ní Ifẹ̀ ní gbogbo àsìkò yìí. Lẹ́yìn ìfihàn iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ tí British Museum ṣe ní 2010, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ibẹ̀ kọ̀wé lórí rẹ̀. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ yẹ irin rẹ̀ wò àti bí wọ́n ṣe rọ ọ́. Nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, wọ́n ní kò jọ iṣẹ́ ayé òde òní, pé ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ òun náà ni Frobenius rí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n torí rẹ̀ la òkun lọ sí Brazil, Ifẹ̀ ni wọ́n ti fi í sílẹ̀ lọ.