Ìkòkò Ọbẹ̀ Àwọn Ọmọ Wòlíì

Ìtàn kan wà nínú Ìwé Kejì Àwọn Ọba, orí kẹrin, tí a kì í sábà wàásù lé lórí. Ìyàn mú ní Gílígálì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wòlíì lọ wá ẹ̀fọ́ ní oko. Ó rí èso ìtàkùn kan tí kò mọ̀, ó sì rẹ́ ẹ sínú ìkòkò. Bí wọ́n ti fi ọbẹ̀ náà kan ẹnu ni wọ́n figbe ta pé májèlé ni. Èlíṣà kò bá ọkùnrin náà wí. Ìyẹ̀fun ni ó bèèrè láti fi wo ọbẹ̀ náà sàn.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pẹ̀lú àwọn bàbá wa tí wọ́n gbin kòkó ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó. Láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, Gammalin 20 ni a fi ń fín kòkó. Owó kòkó náà ni ó rán ọ̀pọ̀ wa lọ sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n lindane tí ó wà nínú oògùn náà kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀, ọ̀rá ara ènìyàn ni ó sì máa ń fi ṣe ibùgbé. Ní ọdún 2009 ni Àdéhùn Stockholm, èyí tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, kà á mọ́ àwọn oògùn tí a gbọ́dọ̀ mú kúrò nínú iṣẹ́ àgbẹ̀.

Kí ni èyí fi kan àìsàn àtọ̀gbẹ? Lẹ́yìn àpòlúkù ni ẹ̀yà ara kan wà tí ń pèsè insulin, èyí tí ń ṣí ọ̀nà fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láti wọ inú ẹran ara kí ó sì di agbára. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé irú májèlé bẹ́ẹ̀ lè da iṣẹ́ yìí rú, àti pé àtọ̀gbẹ a máa wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn tí ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Láti ọdún 2001 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ka àtọ̀gbẹ mọ́ àìsàn tí ó ń tìtorí rẹ̀ san owó fún àwọn jagunjagun rẹ̀ tí wọ́n wà ní Vietnam, níbi tí a gbé fín oògùn Agent Orange sórí igbó.

Kì í ṣe oògùn nìkan ni okùnfà. Ìran tí a ti wá, oúnjẹ, sísanrà jù àti ìjókòó kalẹ̀ ní ipa tiwọn, ipa náà kò sì kéré. Ohun tí ó bà wá nínú jẹ́ ni pé, bí èèrà bá ti ṣù bo ìtọ̀ baálé ilé, ìyá arúgbó ni a kọ́kọ́ ń fura sí. Òfin Kẹjọ ni a ń rú bẹ́ẹ̀, tí kẹ́ẹ̀gì oògùn sì wà lábẹ́ ibùsùn!

Òfin Karùn-ún pẹ̀lú kò mọ sí orí idà àti ìbọn. Ẹni tí ó rọ epo pupa sínú kẹ́ẹ̀gì oògùn fún títà, ẹni tí ó da dichlorvos sí ẹ̀wà, ẹni tí ó fi táyà sun awọ ẹran: kí wọ́n yẹ ọkàn wọn wò kí wọ́n tó wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fi òfin de títa ìgò kékeré dichlorvos ní ọjà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró ṣọ́ àká ẹ̀wà gbogbo wa?

Ẹ̀yin tí ẹ ti fín kòkó fún ọdún púpọ̀, ẹ má ṣe fòyà. Àtọ̀gbẹ ṣeé kápá bí a bá tètè rí i. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ní ilé-ìwòsàn ńlá Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó, tàbí èyí tí ó bá sún mọ́ yín. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ni wọn yóò gbà ní orí ìka. Kí ẹ sì sọ fún dókítà iye ọdún tí ẹ fi gbé ẹ̀rọ ìfínkòkó kọ́ ẹ̀yìn.