Ta Ló Ni Ilẹ̀ Sagnarigu?

Sagnarigu bá ìlú Tamale pààlà ní apá àríwá ilẹ̀ Ghana. Abẹ́ ìjọba Tamale ló wà títí di 2012 tí wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ọ̀dàn pẹrẹsẹ ni, tí igi ẹ̀mí, igi igbá àti osè dúró káàkiri. Ìgbà òjò kan ṣoṣo ló ní lọ́dún, àwọn odò kéékèèké ibẹ̀ a sì gbẹ táútáú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìkànìyàn 2010 ka 148,099 ènìyàn níbẹ̀. Nígbà tó máa fi di 2021, wọ́n ti di 341,711. Ọmọ bíbí nìkan kò lè sọ ibì kan di báyìí láàárín ọdún mọ́kànlá. Àwọn ènìyàn ń wá ilẹ̀ ìkọ́lé, oko iṣu ń di púlọ́ọ̀tì, ìbéèrè àtijọ́ kan sì tún délẹ̀: ta ló ni ilẹ̀?

Ojú méjì ni ìdáhùn àwọn Dagomba ibẹ̀ ní. Àwọn lunsi, onílù tí ìtàn Dagbon, ilẹ̀ ọba àwọn Dagomba, wà lẹ́nu wọn, sọ pé àwọn ẹlẹ́ṣin ló wá ṣẹ́gun agbègbè náà. Wọ́n bá àwọn tindana níbẹ̀, ìyẹn àwọn àwòrò tó ń bọ ilẹ̀, tó sì ń tù ú nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ lórí rẹ̀. Na Nyagsi, ọba àwọn ẹlẹ́ṣin náà, pa púpọ̀ nínú àwọn tindana, ó sì fi àwọn ọmọ àti ìbátan rẹ̀ jọba sí ìlú wọn. Bó bá ṣe pé ti agbára nìkan ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Àmọ́ ìran tindana kò run, àwọn ọba tó gba ìlú kò sì gba ètùtù mọ́ ọn. Ya-Na, ọba àgbà Dagbon, jókòó lórí awọ kìnnìún ní Yendi, àwọn ọba abẹ́ rẹ̀ náà sì ní awọ tiwọn. Àṣẹ lórí ènìyàn ni awọ ń fúnni; ti ilẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èyí kò ní ṣàjèjì sí Yorùbá: Odùduwà gba adé, síbẹ̀ Ọbàtálá kò kúrò ní Ifẹ̀, kò sì sí ọba tó ń fojú di Ògbóni lórí ọ̀rọ̀ Ilẹ̀.

Nínú oko gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere. Àgbẹ̀ ló ni iṣu tó gbìn. Àwọn obìnrin ilé rẹ̀ ló ń ṣa èso ẹ̀mí tó já bọ́ síbẹ̀, tí wọ́n ń fi ṣe òrí. Bó bá di ti igi igbá tó dúró láàárín ebè kan náà, ọba ló ni èso rẹ̀, àgbẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ká a láìgbàṣẹ. Oko kan, ẹlẹ́tọ̀ọ́ mẹ́ta, a kò sì tíì dé orí tindana. Ohun tó wà lórí ilẹ̀ ni ènìyàn lè ní níbẹ̀. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sí lára ohun tí ẹnì kan ń ní.

Ní Malshegu, abúlé kan ní Sagnarigu, igbó òrìṣà kan wà tó ń jẹ́ Kpalevorgu. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé akónilẹ́rú ni àwọn tó tẹ abúlé náà dó ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn ń sá fún, wọ́n sì gbà pé òrìṣà inú àpáta ńlá kan ló kó wọn yọ. Wọ́n pààlà yí àpáta náà ká. Láti ìgbà náà, a kì í dáko níbẹ̀, a kì í dẹ̀gbẹ́, a kì í gégi; ìgbà ìbọ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́, lábẹ́ àṣẹ Kpalna, àwòrò òrìṣà náà. Clement Dorm-Adzobu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí lórí igbó yìí jáde ní 1991. Àwọn ará abúlé a máa jó koríko etí rẹ̀ lásìkò, kí iná ẹ̀ẹ̀rùn má baà ràn wọlé. Iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú èèwọ̀ náà, ohun tí àwọn tó ń yin èèwọ̀ máa ń gbàgbé nìyẹn.

Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Sagnarigu lónìí. Na Zangina ni ìtàn kà sí ọba Dagbon àkọ́kọ́ tó gba Ìsìláàmù. Ẹ̀kọ́ Al-Kùránì ni pé Ọlọ́run ló ni ilẹ̀, ẹni tó wù ú ló sì ń fún. Lórí ti ìní, kò jìnnà sí ti tindana: alágbàtọ́ ni ènìyàn. Lórí ẹni tó tọ́ kí a bọ ni wọ́n ti pínyà, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lójú Mùsùlùmí.

Òfin ìjọba ló ń wá onílẹ̀ kan pàtó. Ní 1927, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ilẹ̀ àríwá sábẹ́ àṣẹ gómìnà; lẹ́yìn òmìnira, ó bọ́ sọ́wọ́ ààrẹ. Òfin ìpìlẹ̀ 1979 dá a padà fún àwọn onílẹ̀, ti 1992 sì tẹ̀ lé e. Ní Dagbon, ọwọ́ ọba ló bọ́ sí.

Òfin 1992 kò gbà kí a ta irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ pátápátá. Yíyá ni wọ́n ń yá a fún ọdún gbọọrọ. Abala 36 rẹ̀ pe àwọn tó ń bójú tó o ní alágbàtọ́ tó gbọ́dọ̀ jíhìn, ọ̀rọ̀ tí tindana kankan kò ní bá a jà lé lórí. Abala 267 ló wá pín owó tó ń wọlé lórí ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìdá 10 nínú 100 ti ọ́fíìsì tó ń gbà á, ìdá 55 nínú èyí tó kù jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, 25 ti ọba, 20 ti ìgbìmọ̀ àwọn lọ́balọ́ba. Orúkọ tindana kò sí nínú ìpín náà.