Òwìwí Ò Mọ Inú Ẹni

Nílé wa, ta ló ń wá òwìwí lọ? Bó bá ké lórí òrùlé lóru, ẹlòmíì á pàtẹ́wọ́ lé e, ẹlòmíì á sọ ọ́ lókò, ìyá àgbà á sì máa gbàdúrà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwa tí a dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ la jí ní aago mẹ́rin ìdájí Sátidé kan nínú oṣù Kìn-ín-ní, tí a kó sínú mọ́tò kan, tí a sì forí lé erékùṣù Plum Island ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, torí òwìwí. Àwa mẹ́rin. Òtútù ọjọ́ náà ń wọ egungun. Ìyá ọ̀kan nínú wa pè láti Ògbómọ̀ṣọ́ bí a ṣe ń lọ lọ́nà, a ní ẹyẹ la fẹ́ lọ wò. A ò sọ irú ẹyẹ.

Parker River National Wildlife Refuge ni orúkọ ibẹ̀. Òkun wà lápá kan, irà olómi iyọ̀ wà lápá kejì, ọ̀nà tóóró kan sì gba àárín wọn kọjá. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹyẹ tó ń ṣí kiri, kí wọ́n lè rí ibi jẹun, kí wọ́n sì rí ibi sinmi. Rachel Carson, obìnrin tó kọ ìwé Silent Spring ní ọdún 1962, ti kọ ìwé pẹlẹbẹ kan nípa ibẹ̀ ní ọdún 1947, nígbà tó ṣì ń bá ìjọba ṣiṣẹ́. Bí a bá ní ká fi Yorùbá pe irú ibẹ̀, ìlú ààbò inú Bíbélì ló kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn: ibi tí ẹni tí wọ́n ń lé bá ti wọ̀, kí ẹni tó ń lé e dúró síta. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Òwìwí tí a wá wò kì í ṣe ti ẹ̀yìnkùlé wa. Funfun ni, ojú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn tó gbó, bó bá sì na ìyẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, wọ́n lè tó mítà kan ààbọ̀. Òkè réré ní ilẹ̀ yìnyín ni wọ́n ti ń pa á. Eku kékeré kan tí wọ́n ń pè ní lemming ló ń jẹ níbẹ̀. Ọdún tí eku yìí bá pọ̀, ọmọ òwìwí á pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì bá ìgbà òtútù sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìhà gúúsù, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní òpin ọdún 2013 wọ 2014. Àwọn kan máa ń ní ebi ló lé gbogbo wọn wá. Kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sanra dáadáa. A sọ èyí torí a ò fẹ́ kí ẹ rò pé ẹyẹ tó ń kú lọ la lọ dà láàmú. Ara ẹ̀ le. Ìyẹn náà ò dá wa láre.

Lọ́sàn-án ìgbà òtútù, ojú kan ló sábà máa ń jókòó sí, á diwọ́n agbára rẹ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó ṣọdẹ.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá la rí i. A kọ́kọ́ rò pé àpò sìmẹ́ǹtì kan ni wọ́n gbàgbé sétí irà. Ìyá òyìnbó kan ti wà níbẹ̀, ó gbé awò gígùn rẹ̀ kalẹ̀ lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó sì jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa yọjú wò ó. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé, ẹyẹ náà kò tíì mira.

Lẹ́ńsì tí a yá kò gùn tó. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, òwìwí ò ju hóró ìrẹsì lọ. A ní ká sún mọ́ ọn díẹ̀. A rọra ń rìn bí ọmọdé tó fẹ́ jí ẹran nínú ìkòkò. Ó la ojú kan. A dúró. A tún sún. Ó la ojú kejì, ó yí orí sí wa, ó nàró, ara rẹ̀ tó rí roboto tẹ́lẹ̀ wá rí tẹ́ẹ́rẹ́. A rò pé ó ń dúró fún fọ́tò ni. Ẹ̀rín ń pa wá! Ó yàgbẹ́, ó tẹ̀ síwájú, ó fò, kámẹ́rà sì mú un bó ṣe ń na ìyẹ́ bọ̀ lọ́nà ọ̀dọ̀ wa kó tó yà sápá òkun.

Kò tíì fò jìnnà tí àwọn kannakánná mẹ́ta fi rí i. Wọ́n lé e, wọ́n ń ké lé e lórí, títí wọ́n fi kọjá òkìtì iyanrìn tí a ò rí wọn mọ́. Nígbà tí a yíjú padà, ìyá yẹn ti ń ká irin awò rẹ̀. Kò bú wa. Ó kó ẹrù sínú mọ́tò, ó lọ. Ká ní ó bú wa ni, à bá rí nǹkan fi fèsì.

Fọ́tò náà dára, ká má parọ́. A gbé e sórí ayélujára lálẹ́ ọjọ́ náà, a sì kọ ibi tí a ti yà á gan-an sábẹ́ rẹ̀. Ọkàn pupa tí àwọn èèyàn tẹ̀ sí i pọ̀ ju ti gbogbo ohun tí a ti gbé síbẹ̀ láti ọdún méjì lọ. Lọ́jọ́ kejì, ojúlùmọ̀ wa kan lọ síbẹ̀, ó fi fídíò ránṣẹ́: mọ́tò tò lọ bí ẹni pé wọ́n ń pín ìrẹsì ọdún. A mọ irú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Nínú oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, òwìwí funfun kan bà sí Central Park ní New York, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 1890, ìròyìn dé orí ayélujára, èrò sì rọ́ lọ. A kàn án ni, a rẹ́rìn-ín, a ní àwọn ará New York mà gbádùn.

Ẹni tó sọ òwìwí lókò ní Ògbómọ̀ṣọ́ kórìíra rẹ̀. Àwa fẹ́ràn rẹ̀, oorun la fi sílẹ̀ torí ẹ̀. Ẹ wá bi òwìwí ní ìyàtọ̀. Lójú tirẹ̀, nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló ń bọ̀, ó sì ní láti fò. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Àwa tí a pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé máa ń fi irú ẹjọ́ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́: ẹyẹ kan kàn ké, wọ́n ti di ẹ̀bi rù ú. Àmọ́ kí làwa náà ṣe? Ẹyẹ kan la ojú, a ní ó ń dúró fún fọ́tò. Ojú tí gbogbo ayé ń yìn nínú àwòrán yẹn, ojú ẹni tí wọ́n ń lé ni.

Òwe kejì ló wá bá wa wí jù, èyí tó ní kí ẹni tó fẹ́ fi igi gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Òwe yẹn ò béèrè bóyá a fẹ́ràn ẹyẹ. Ara ló ní ká fi wò ó. Ọ̀kan nínú wa ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọ̀sán ló ń sùn. Ká ní àlejò mẹ́rin wá yọjú lójú fèrèsé rẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, tí wọ́n ní ó rẹwà, tí wọ́n ń sún mọ́ ọn títí ó fi bẹ́ sí ìta nínú yìnyín láìwọ kóòtù, tí ajá àdúgbò sì gbá tẹ̀ lé e. Ṣé á béèrè bóyá ìfẹ́ ló gbé wọn wá?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò tán síbẹ̀. Láti ọdún 1981 ni Norman Smith ti ẹgbẹ́ Mass Audubon ti ń fi àwọ̀n mú òwìwí funfun ní pápákọ̀ òfurufú Logan ní Boston, tó ń fi òrùka sí wọn lẹ́sẹ̀, tó sì ń gbé wọn lọ síbòmíì kí bàálù má baà gbá wọn. Ẹ̀rù rẹ̀ á ba òwìwí ju tiwa lọ fíìfíì, torí ó dì í mú! Nítorí náà, ẹ̀rù ẹyẹ nìkan kọ́ ni òṣùwọ̀n. Ẹyẹ tí Smith mú rí nǹkan gbà níbẹ̀: ó bọ́ lẹ́nu bàálù. Èyí tí àwa lé san owó, àwa la kó ọjà lọ.

Ọ̀kan nínú wa ò gbà. Ó ní láìsí fọ́tò, ta ló máa bìkítà? Láti ọdún 2017 ni wọ́n ti ka òwìwí funfun mọ́ àwọn tí ewu ìparun ń wu, ó ní ohun téèyàn ò rí rí, èèyàn ò lè ṣàánú rẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ìyá Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí a fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí wọn, igbe ni wọ́n fi bọ ẹnu: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ wá dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ yẹn? Ẹ bá mi pa á rẹ́ lórí fóònù mi!” Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n pè, wọ́n kí wa tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní: “Ẹyẹ funfun yẹn ńkọ́? Ṣé ó ń rí nǹkan jẹ nínú òtútù yẹn?” Obìnrin tó ti ń pàtẹ́wọ́ lé òwìwí láti kékeré! A ò lè pe ìyẹn ní nǹkan kékeré. A ò sì lè fi san gbèsè tí a jẹ òwìwí, torí kì í ṣe òun ló bẹ̀ wá níṣẹ́.

A bá ara wa jiyàn títí. Ẹni méjì ní ká yọ fọ́tò náà, ẹni méjì ní kó wà níbẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀. Orúkọ ibi tí a ti yà á nìkan la yọ, lẹ́yìn tí ẹṣin ti jáde nílé ẹṣin.

Nínú oṣù Kejì a padà lọ. A ò sọ̀ kalẹ̀. A pa mọ́tò sójú ọ̀nà, a ṣí fèrèsé, òtútù wọlé tọ̀ wá. Òwìwí kan wà lókèèrè nínú irà, bóyá ti tẹ́lẹ̀ ni, bóyá òmíràn. A wò ó fún wákàtí méjì. Ó tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe, ó di ojú, atẹ́gùn ń fẹ́ ìrù rẹ̀ kékeré yẹn. Ó yí orí lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe sápá ọ̀dọ̀ wa. A ya fọ́tò kan ṣoṣo láti ibi tí a wà, a fi ránṣẹ́ sí Màmá.

Wọ́n fèsì kíá: “Mo rí koríko, mo rí omi. Èwo ni ẹyẹ níbẹ̀?”