Àdéhùn Obìnrin Onígbàgbọ́ àti Ọ̀rọ̀ Ìṣèlú

Nínú Súúratul-Mumtahanah (60:12), Ọlọ́hun pa Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) láṣẹ láti gba àdéhùn àwọn obìnrin onígbàgbọ́. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi ṣe é. A kò ní kí ọkọ ṣe é fún wọn. Ní Hudaybiyyah, ọdún 628, ìmọ̀ràn Ummu Salamah ni Ànábì tẹ̀lé tí ọ̀rọ̀ fi lójú.

Nítorí náà, obìnrin Mùsùlùmí tó ń tajà ní Anloga Junction, Kumasi, kò gbọdọ̀ jẹ́ oníjó ìpolongo lásán. Òfin Ghana ti ọdún 2024 ń fẹ́ kí obìnrin gba ìdajì ipò ìjọba nígbà tó bá fi di 2030. Bí àwọn olódodo bá jókòó sílé, ta ni yóò gbà á? Ẹ̀rí ni ìbò. Ọkọ kò sì lè bá aya dáhùn fún ẹ̀rí rẹ̀ níwájú Ọlọ́hun.