Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́

Àgbà tó pa òwe yìí kò ní kí eku má jáde lọ wá oúnjẹ o. Ìtẹ́ ló ń bá wí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwa Kristẹni ti ń ṣì í: bí oníwàásù bá ti dárúkọ ìtẹ́lọ́rùn, àwọn kan á rò pé ó ní ká fọwọ́ lẹ́rán ni, àwọn mìíràn á sì kà á sí ọ̀rọ̀ ìpẹ̀ fún ẹni tí kò rówó.

Inú ìdè ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tó kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì pé òun ti kọ́ bí a ṣe ń wà nínú àìní, òun sì ti kọ́ bí a ṣe ń wà nínú ọ̀pọ̀. Ọ̀lẹ kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Àgọ́ pípa ni iṣẹ́ rẹ̀, òun àti Ákúílà pẹ̀lú Pírísílà ni wọ́n sì jọ ń ṣe é ní Kọ́ríńtì. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ ti ọ̀pọ̀ yẹn ló le jù. Ẹni tí kò ní, àìní á fipá wọn ìtẹ́ fún un. Ta ni yóò wọ̀n ọ́n fún ẹni tó ní?

John Wesley, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì rẹ̀ dé Àgbádárìgì ní 1842, sọ nípa ọkùnrin kan nínú ìwàásù. Ọ̀pọ̀ gbà pé ara rẹ̀ ló ń sọ. Pọ́n-ùn 30 ló ń wọlé fún onítọ̀hún lọ́dún. Ó ná 28, ó fi 2 tọrẹ. Lọ́dún kejì, 60 wọlé. 28 náà ló ná, ó kó 32 fún àwọn aláìní. Owó di 90, ó di 120, ìnáwó rẹ̀ kò kúrò ní 28. Bẹ́ẹ̀, Wesley yìí kan náà ló ń wàásù pé kí èèyàn wá owó dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, bí kò bá ti pa ara rẹ̀ tàbí ẹnìkejì lára.

Lọ́dọ̀ tiwa, kí áláàtì owó oṣù tuntun tó dún tán lórí fóònù, ìtẹ́ ti fẹ̀: ọkọ̀ mìíràn, aṣọ ẹbí tí a kì bá tí rà lọ́dún tó kọjá. (Owó oṣù tí àpò ìrẹsì kan ń gbé lọ kò ní ìtẹ́ tó fẹ́ fẹ̀, ká sòótọ́.)

A tún ń sọ pé ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ la ti ń jẹ. Òwe náà dùn lẹ́nu àgbẹ̀. Lẹ́nu ẹni tó jókòó ti fáìlì ìjọba, ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun bi Jòhánù Onítẹ̀bọmi léèrè ohun tí àwọn yóò ṣe, kò ní kí wọ́n fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n má fipá gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, kí owó iṣẹ́ wọn sì tó wọn.

Ẹ wo télọ̀ tí wọ́n kó aṣọ ọ̀pá márùn-ún fún, tó fi téèpù wọ̀n ọ́n, tó rí i pé mẹ́rin ààbọ̀ ti tó. Ìyókù á dá bùbá fún ọmọ kékeré. Oníbàárà kò mọ̀, kò sì ní béèrè. Télọ̀ ká a, ó fi sínú aṣọ tó ti rán, ó so nálọ́ọ̀nù lẹ́nu. Ìtẹ́lọ́rùn tí mo ń wí nìyẹn, ìyẹn ju kí a máa pariwo àmín lọ.

Àmọ́ ọ̀gá tó jẹ olùkọ́ lówó oṣù, tó wá ń wàásù ìtẹ́lọ́rùn fún un níbi àdúrà òwúrọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ìwé Jákọ́bù ni kó lọ kà. Owó àwọn olùkórè tí wọn kò san ń ké níbẹ̀, igbe náà sì ti dé etí Olúwa. Kó kọ́kọ́ sanwó ná. Bí olùkọ́ ṣe máa wọn owó náà ná, ọwọ́ olùkọ́ nìyẹn wà.